Ògiri Tí Ọ̀gá Wa Fi Ìdáhùn Mọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, nítorí òjò yìí fẹ́ bá mi du ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí kó máa bó o lọ. Etí ni mo nílò, n kò nílò ọwọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí pé, "Baba, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?" kí n tó parí. Ẹni tí kò ní sùúrù kí ọbẹ̀ kúrò lórí iná kó tó tọ́ ọ wò, ahọ́n rẹ̀ ni yóò bó.

Èmi Ọdẹ́rìndé ọmọ Ògúndípẹ̀ ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ ti rí mi yìí tí mo ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ẹ má fi ojú di mí. Nígbà tí eegun mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, bí ẹfọ̀n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi nínú igbó, á kọ́kọ́ dágbére fún ọmọ rẹ̀ kí ó tó yọjú wo ẹni tó ń bọ̀. Bí mo bá fi imú fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, màá sọ fún ọ bóyá ìgalà tó kọjá lánàá jẹ́ akọ tàbí abo, bóyá ó jẹun yó, àti bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jà nílé. Ìyá Àṣàbí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

"N kò rẹ́rìn-ín, Baba. Ikọ́ ni."

Ikọ́ àwọn obìnrin àdúgbò yìí a máa fi eyín hàn. Ó dáa, ẹ jẹ́ n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Bí mo ti jẹ́ ọdẹ tó yìí, ẹ̀yìn ni mo ń rìn. Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ Òkè-Àfọ̀n, a kì í ka ẹran tí ènìyàn pa, a kì í sì í ka ọjọ́ orí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹmu rẹ síwájú ẹgbẹ́ ni a ń kà. Láwuyì ni mo ń tẹ̀ lé, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó mọ bí a ti í fi ọgbọ́n jókòó síwájú. Oyún Láwuyì kò tíì hàn lára ìyá rẹ̀ dáadáa tí ọkùnrin yìí fi ru agbè ẹmu lọ bá àwọn àgbà ọdẹ, tó ní, "Ẹni tó wà nínú ikùn ìyàwó mi ń kí yín o, ó ní òun fẹ́ dara pọ̀ mọ́ yín." Ẹnìkan béèrè pé, bí ó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́? Ṣùgbọ́n wọ́n ti mu ẹmu náà débi tí agbè ti fúyẹ́, ẹmu tó ti wọ ikùn kò sì ṣeé dá padà. Báyìí ni Láwuyì ṣe di àgbà ọdẹ kí ó tó di ọmọ ọwọ́. Èmi ni mo jù ú lọ. Mo ti ń rìn nígbà tí wọ́n bí i. Síbẹ̀, "Aṣíwájú" ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, òun a sì máa pè mí ní "ìwọ Ọdẹ́rìndé."

Ẹ gbọ́, Láwuyì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù nìyẹn. Bí ó bá burú ni, ǹ bá kórìíra rẹ̀, ara á tù mí. Ó lawọ́, ó sanra dáadáa, bí ó bá ń kí ènìyàn, wàá rò pé òun ló bí ọ. Ṣùgbọ́n nínú igbó! Háà. Lọ́jọ́ kan ó yin ìbọn lu ọ̀gán, ó ní ẹfọ̀n ni. A sáré débẹ̀, a bá ọ̀gán. Mo ń wò ó. Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ẹ rí bí ẹfọ̀n yẹn ti gbọ́n tó? Ó ti sá wọ inú rẹ̀ lọ."

Ní ọdún kan, ajá ìlú wa dákẹ́. Ajá á rí olè, á la ẹnu gbàgà, atẹ́gùn lásán ni yóò jáde. Ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àárín agbo ilé, ó ń mú ewúrẹ́ bí ẹni tó ń ṣa èso jẹ. Ìyá arúgbó kan tó lọ ṣẹ́ igi wá sọ pé òun gbọ́ ohùn gbogbo ajá wa tí ń gbó ní ọ̀kánkán Igbó Gbohùngbohùn, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dí sínú agbè. Ọba ní kí ọdẹ lọ gbà á wá. Ta ni yóò ṣíwájú? Ẹni tí ẹmu rẹ̀ kọ́kọ́ dé ni. Ta ni yóò tẹ̀ lé e? Èmi, àti Àjàgbé, aláwàdà ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bí ikú bá ń gbé e lọ, á ní kí ikú rọra kí aṣọ òun má baà fàya.

Kí a tó lọ, wọ́n fi omi fọ ẹnu ìbọn, a mu omi náà, a sì búra: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáájú Aṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ padà sílé láìjẹ́ pé Aṣíwájú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo tú yín sílẹ̀." Ẹni tó bá rú u, irin ni yóò pa á. Mo gbé omi yẹn mì, ó sì korò lọ́nà ọ̀fun mi. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, "Bàbá Fọláṣadé, ṣé Láwuyì yìí ló máa mú yín lọ, tó sì máa mú yín bọ̀?" Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká.

Igbó Gbohùngbohùn, ẹ má jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀, òjò yóò dá kí n tó parí. A rí igi tó ń wẹ̀. A rí òkúta tó ń sunkún pé àwọn ọmọ òun ti di iyanrìn. A wá bá ẹbọra arúgbó kan létí ọ̀nà, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán òjìji rẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ayé," ó wí, "níbo lẹ ń lọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Láwuyì dáhùn.

"N kò bi ọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà òsì yìí bọ́ sí odò, ọ̀nà ọ̀tún bọ́ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jáde."

Láwuyì yíjú sí wa. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀tá ni. Ọ̀tá kì í sọ òtítọ́." Ó bá gba ọ̀tún.

Mo tẹ̀ lé e, mo ní, "Aṣíwájú, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tún un rò."

"Ọdẹ́rìndé, ìṣòro rẹ ni pé o máa ń ronú jù."

Kí n má purọ́, kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ gbígbó ajá níwájú wa. Láwuyì wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ìwò yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ju ìbọn lọ.

Bí a ti wọ ẹnubodè ìlú náà ni ẹnubodè parẹ́. Ibi tí ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀ di igbó ẹ̀gún. Ẹni tó jókòó láàárín ìlú, tí agbè ńlá kan tí ń gbó bí ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Afetíjẹun ni orúkọ rẹ̀. Kò ní ẹnu rárá. Etí rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ tí a fi ń sá ata, láti inú ìdodo rẹ̀ sì ni ohùn ti ń jáde. Ìdáhùn ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá bi ènìyàn ní ìbéèrè tí ìdáhùn sì dára, á gbà á sétí, á jẹ ẹ́, á gùnfẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá dára, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Ìdodo rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ta ni ó ṣíwájú nínú yín?"

"Èmi ni," ni Láwuyì wí, ó gbé àyà sókè.

"Ẹ gbé àga fún un. Ẹ̀yin méjì, ẹ dúró síhìn-ín. Òfin ìlú yìí kò gùn. Ẹni tó ṣíwájú ló ni ìdáhùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ni ìyà. Bí ó bá dáhùn re, ẹ sún mọ́ ilé. Bí ó bá ṣì í, a mọ ògiri yí yín ká ní ipele kan. Bí ògiri bá bo orí yín, a ó gbé òrùlé lé e, a ó sì gbàgbé yín. Bí ẹni ẹ̀yìn bá la ẹnu láti dáhùn, òrùlé lójú ẹsẹ̀."

Ẹ ti rí bí a ti ń mọ ilé alámọ̀. A kì í mọ ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; a ó mọ ipele kan, a ó jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́, kí a tó gbé òmíràn lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn iwin kéékèèké ìlú náà ṣe jókòó yí wa ká, wọ́n fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n ń dúró. Wọ́n gbé Láwuyì sábẹ́ ìbòòji, wọ́n gbé àsáró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ẹnìkan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún un.

Afetíjẹun ní, "Kí ni ó ń wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn?"

Òórùn ọbẹ̀ ni! Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n! Mo di ẹnu mi pọ̀.

Láwuyì jẹun díẹ̀, ó ronú, ó ní, "Olè."

"Olè ń ṣí ilẹ̀kùn," ni Afetíjẹun wí, ó di ikùn rẹ̀ mú. Àwọn iwin dìde. Ògiri dé orúnkún wa.

Nígbà tí ipele yẹn gbẹ, ó ní, "Kí ni ó ń sáré láti òwúrọ̀ títí alẹ́ tí kò kúrò lójú kan?"

Ọkàn ni! Tèmi ń sáré ní àkókò yẹn gan-an, ó ń lù mí láyà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

"Ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀," ni Láwuyì wí, ó sì wẹ̀yìn wò wá, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ògiri dé ìbàdí.

Mo kùn lábẹ́lẹ̀, "Àjàgbé, ọkùnrin yìí yóò fi wá ṣe ìpìlẹ̀ ilé."

Àjàgbé ní, "Bó bá jẹ́ ilé tó dára ni, ó tún yá. Ṣé o rí bí wọ́n ti mọ ọ́n? Kò tilẹ̀ tọ́."

Ìbéèrè kẹta, Láwuyì ṣì í. Ìkẹrin, ó ṣì í. Ògiri dé àyà, ó dé èjìká. Ó sì máa ń tù wá nínú láti orí àga rẹ̀! "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ mi ti ń mọ́ ọn lára." Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dúró lórí yín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ògiri amọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ há mi mọ́. Mo ti wà nínú ògiri yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹmu.

Bí ipele èjìká ti ń gbẹ lọ́wọ́, eruku wọ imú Láwuyì, ó sín. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọdẹ tó wà níhìn-ín: bí Aṣíwájú bá sín, kí ni a ń ṣe? A ń kì í! Àjàgbé kò tilẹ̀ ronú. Ó bú sí ìjálá láti inú ògiri: "Láwuyì ọmọ Àyìnlá, sín kó o gbó, sín kó o tọ́!" Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó rántí òfin. Ó di ẹnu rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èmi náà di ojú, mo ń retí òrùlé.

Afetíjẹun kàn mi etí. Ó ní, "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Oríkì kì í ṣe ọ̀rọ̀. Abẹ̀bẹ̀ tí a fi ń fẹ́ olórí ni."

Mo la ojú. Àjàgbé wo mí, mo wo Àjàgbé.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: "Ta ni ó ń kọ́kọ́ dé oko lójoojúmọ́ tí kò mú ọkọ́ dání?"

Mo na ọrùn sókè ògiri, mo gbé ohùn mi tí ẹ ń gbọ́ yìí, ohùn tó jẹ́ pé nígbà ọ̀dọ́ mi ẹyẹ a máa bà lé èjìká mi láti gbọ́ ọ, mo ní:

"Láwuyì, mo ṣe sàdáńkátà rẹ!
Ọmọ ìrì wọ̀wọ̀ tí í ṣáájú àgbẹ̀ dé oko,
Ìrì tí kò ru ọkọ́, tí kò yọ àdá,
Tó ti tẹ gbogbo ewé mọ́lẹ̀ kí àparò tó jí."

Láwuyì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "O ṣeun, Ọdẹ́rìndé. Mo gbọ́." Ó wá ronú. Ó ní, "Ẹni tó ń kọ́kọ́ dé oko... àpa..."

"Ìrì o!" ni Àjàgbé fi gbè é. "Ìrì, ìrì! Ọmọ ìrì! Hẹ̀ẹ̀ẹ̀, ìrì ṣáá!"

Láwuyì dúró. Ojú rẹ̀ yí sí wa, ó yí padà. "Ìrì ni," ó wí.

Afetíjẹun gùnfẹ̀. Àwọn iwin fi ọkọ́ gé ipele kan kúrò, atẹ́gùn kàn mí ní èjìká. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ wa ni pé kí a máa kì í. Afetíjẹun béèrè ohun tí a ń gbé tí kò wúwo, tí a bá sì sọ ọ́ sílẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Mo kì í ní Láwuyì ọlọ́rọ̀ ẹnu tó tó sọ, ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ tí kò ṣeé ṣà. Ó dáhùn pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ògiri wálẹ̀ sí ìbàdí. Inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ti rí: ohun tí mo fi ń bẹ́ ògiri tèmi lulẹ̀ ló ń gbé òmíràn dìde lórí àga. Láwuyì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ó ń mi orí kí n tó kì í tán. Àwọn iwin ń wólẹ̀ fún un, wọ́n ń pè é ní Ikùn-Ọgbọ́n. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ wá sí ìdí ògiri wa, ó gbé ẹran wá fún wa. Ó lawọ́, mo sọ fún yín.

Mo rọra ní, "Aṣíwájú, ó ku ipele díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa rọra mú un."

"Ká máa rọra mú un bíi ti kí ni? Ìwọ Ọdẹ́rìndé, o bẹ̀rù jù. Ṣé o kò rí i pé ìbéèrè wọn ti rọrùn?"

Àjàgbé ní, "Ó rọrùn, Aṣíwájú. Bí a bá ti kì yín dáadáa, ó máa ń rọrùn."

"Ẹ kú ìkì," ni Láwuyì dáhùn, ó sì fi ọwọ́ lu ògiri wa bí ẹni tó ń kí ẹṣin. Ó padà lọ bá Afetíjẹun, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlú gbọ́: "Ipele kan, ipele kan, ó ti sú mi. Bi mí ní ìbéèrè kan tó ga ju gbogbo wọn lọ. Bí mo bá gbà á, wó gbogbo ògiri, kí o sì fún mi ní agbè ajá. Bí mo bá ṣì í, gbé òrùlé lé e."

Òrùlé ta ni? Tèmi àti Àjàgbé ni! Ọ̀gá mi ti fi orí mi ta ayò, kò sì bi orí léèrè.

Ikùn Afetíjẹun mì pẹ̀lú ìdùnnú. Ó ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ńlá kò fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Kò sí oríkì lónìí." Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ògiri náà kó ga tó iwájú orí wa, kí òrùlé lè yá bí ó bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n mọ ọ́n, wọ́n dúró títí ó fi gbẹ. Mo na ìka ẹsẹ̀ mi, mo fi ojú rí ìta.

Afetíjẹun ní, "Ìwọ Láwuyì Ikùn-Ọgbọ́n. Kí ni Ọdẹ́rìndé tó wà nínú ògiri ń rò nípa rẹ?"

Agbè ajá pàápàá dákẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń wò ó láti ẹ̀yìn fún ọdún púpọ̀. Mo mọ bí ọrùn rẹ̀ ti rí ju bí mo ti mọ ojú rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé yóò ní, "Ó ń rò pé akọni ni mí." Mo ti rí òrùlé lórí mi. Mo rí ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tó ń wo ojú ọ̀nà títí ó fi darúgbó.

Láwuyì gbé àwo ẹran sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ó ń rò pé òmùgọ̀ ni mí," ó wí.

Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó tún ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó. Ó ń rò pé bí kì í bá ṣe ẹmu bàbá mi, èmi ni ǹ bá máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo kíkì tó ń kì mí yìí, kì í ṣe èmi ló ń kì. Ó ń fún mi ní ìdáhùn jẹ bí ẹni tó ń fọ́n ọkà fún adìẹ. Mo mọ̀. Mo sì ń ṣà á jẹ, nítorí bí mo bá wò yín nínú ògiri yẹn tí n kò mọ ohun tí màá sọ, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi lọ."

Afetíjẹun na etí, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e mì. Ó yíjú sí wa. "Ẹ̀yin inú ògiri, ẹ ní ẹnu nísinsìnyí. Ṣé òtítọ́ ni ọ̀gá yín sọ?"

Bí Àjàgbé ti gbọ́ ọ, ó ti ń sọ ọ́ lọ: "Háà! Ká má rí i! Ta ló jẹ́ ro irú èyí sí Aṣíw..." Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ilé pa wá! Ṣùgbọ́n ẹ má bá Àjàgbé wí. Èmi náà, "ká má rí i" ti wà ní ẹnu ahọ́n tèmi. Ta ni a tọ́ dáadáa nínú yín tí yóò wo ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ lójú, láàárín ọjà, tí yóò ní, bẹ́ẹ̀ ni, òmùgọ̀ ni ẹ? Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ nínú ọkàn mi lójoojúmọ́, tí mo ti sọ fún ìyàwó mi, tí mo ti sọ fún ìbọn mi nígbà tí mò ń nù ún, ó wá dé ibi tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́, kò jáde.

Láwuyì ń wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí, n kò sì mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí kí n sọ òtítọ́ ni, tàbí kí n purọ́.

Àwọn iwin ti gbé koríko òrùlé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí.

"N kò gbọ́," ni Afetíjẹun wí, òun tí etí rẹ̀ tó àtẹ!

"Bẹ́ẹ̀ ni! Mo rò ó! Mo rò ó lánàá, mo rò ó láàárọ̀ yìí nígbà tí ẹ fi orí wa ta ayò! Aṣíwájú, ẹ má bínú."

Afetíjẹun gbé ìdáhùn náà mì. Ó gùnfẹ̀, igi ìlú tẹ̀, ògiri wó lulẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jẹ ìdáhùn olórí, òun kò tíì jẹ èyí tó kún inú báyìí rí. Ó na agbè ajá sí Láwuyì. Ẹnubodè yọ jáde láti inú ẹ̀gún, a sì gba ibẹ̀ sáré.

Nígbà tí a jìnnà, Láwuyì dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó gbé agbè fún Àjàgbé, ó bọ́ fìlà ọdẹ rẹ̀, ó ní, "Mo tú yín sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣíwájú kó ṣíwájú."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí rèé láti ọjọ́ tí mo gbé omi ìbọn mì. N kò jẹ́ kó tutù lẹ́nu rẹ̀. Mo tún okùn ìbọn mi so, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bọ́ síwájú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, afẹ́fẹ́ iwájú yàtọ̀! Kò sí ọrùn ẹnikẹ́ni níwájú mi. Igbó ṣí sílẹ̀ lójú mi bí ẹní. Mo fi imú fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní ibi báyìí ni ilé wà, mo sì ń lọ bí ẹni tó jogún ọ̀nà náà, mo ń lọ, mo ń lọ, títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ẹrọ̀fọ̀ ni. Ó dé kókósẹ̀, mo ní yóò gbẹ níwájú. Ó dé orúnkún. Àjàgbé gbé agbè lé orí, gbogbo ajá Òkè-Àfọ̀n sì ń gbó wa láti inú rẹ̀ bí ẹni pé olè ni wá.

Láwuyì wà lẹ́yìn wa. Kò ráhùn, kò pòṣé. Nígbà tí omi dúdú náà kan ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pé pérépéré:

"Aṣíwájú, ṣé ibí yìí ni ẹ ní ká gbà?"

"Kí lẹ wá dá a lóhùn, Baba?"

Ìyá Àṣàbí, kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, kò jìn mọ́."

Ó jìn.